Òpó Iná fún Ẹ̀rọ Orin

Ní Japan, àwọn olólùfẹ́ orin kan ti sanwó ńlá láti ri òpó iná tiwọn, kí iná tó ń wọ ẹ̀rọ orin wọn má baà bá ti fíríìjì aládùúgbò pàdé lọ́nà. Wọ́n ní ohùn gìtá á mọ́ gaara.

Ẹ wá ri irú ẹ̀ l'Ómù-Àrán! Kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ẹnìkan á ti fi wáyà tirẹ̀ kọ́ ọ. Tiwa ni jẹnẹrétọ̀: Sunny Adé ń dá, jẹnẹrétọ̀ ń gbè. Bí iná bá sì dé, "Ọ́ọ̀pù NEPA!" làwọn ọmọdé á fi bo orin mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí NEPA kógbá sílé lọ́dún 2005.