Jíìpù Tàbí Agbádá?

Ní Festac, ìlú tí wọ́n kọ́ l'Ékòó nítorí àjọ̀dún àṣà ọdún 1977, jíìpù ni gbogbo ọkọ̀ tó bá ṣáà ti ga. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi fa ọkọ̀ ojú omi gòkè létí omi Amùwó lẹ ó mọ̀ bóyá jíìpù ni tàbí agbádá lásán. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí táyà ẹ̀yìn nìkan, ẹ̀yìn yẹn gan-an ló wà nínú omi, lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá: ariwo ńlá, ìrìn kò sí. Kí ẹ́ńjìnnì máa yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lérè, torí ti iwájú ṣì wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Tèmi ńkọ́? Gìrìpá mẹ́fà ló tì í jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá owó omi wọn.