Alàgbà Kì-í-mutí

Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Egan, tí àwọn dánfó Ìyànà-Ìpájà ń já èrò, ẹ wo ìdí àtẹ ìyá alágbo. Ẹni tó kọ̀yìn sí títì lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kí ará ṣọ́ọ̀ṣì má baà dá a mọ̀, òun gan-an nìyẹn. Kì í mutí. Oògùn ló ń lò.

"Ìyá alágbo, jẹ̀dí yìí tún ti dìde o."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Alàgbà. Ṣé ti àná náà ni?"

"Ẹ fi ọ̀pá ẹ̀yìn díẹ̀ lé e. Ẹ má fomi sí i."

Á gbé ife súnmọ́ imú, á dijú. "Atalẹ̀ tòní borí kànáfùrù." Bẹ́ẹ̀ bí ìyàwó ẹ̀ bá gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀, kò ní mọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà ní Jámánì fi fọ́tò Monkey 47 ránṣẹ́ sí i, jíìnì ilẹ̀ Black Forest tí wọ́n fi ewé, èso àti egbò 47 ṣe. Alàgbà rẹ́rìn-ín. "Mẹ́tàdínláàádọ́ta péré? Ìyá alágbo, ẹ ka tinú kẹ́ẹ̀gì yẹn fún wọn." Wọ́n ní omi orísun ni wọ́n ń lò. "Omi bọ́hóò wa ńkọ́? Ṣé kì í ṣe orí tánkì lókè ló ti ń sọ̀ ni?"

Ká sòótọ́, ó rí ẹ̀rí dì mú. Àwọn ará Netherlands ti ń ta ọtí eléso juniper bí oògùn inú kí jíìnì tó di fàájì. Àmọ́ ẹ má bi í léèrè ohun tí wọ́n fi rẹ egbò tirẹ̀. Ògógóró ni, ẹmu tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru ẹ̀.

Ní 2015 tí ògógóró pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè, àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Àyẹ̀wò ní methanol ni. Ẹ̀rù ba Alàgbà, ó ní kí wọ́n fi omi gbígbóná rẹ tòun. Kò pẹ́ tó fi sọ pé jẹ̀dí náà kò gbọ́ oògùn mọ́.

Nígbà tí NAFDAC wá gbógun ti ọtí inú ọ̀rá ní oṣù kejì 2024, kò sẹ́ni tó yìn wọ́n tó o. "Ó tó gẹ́ẹ́! Ọtí ti ba ayé àwọn ọ̀dọ́ wa jẹ́!" Ó na ife sí ìyá alágbo. Ó ní ibà ti fẹ́ máa mú òun.