Ẹ Fi Rọ́bà Túùbù Jẹ Mínísítà

Ìjọba tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ ní Harobanda, ní ìlú Niamey, kò sí lódì kejì Odò Ọya níbi tí àwọn sójà ń gbé. Abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì ló wà. Ẹ ṣí ti takisí tàbí bọ́ọ̀sì faba-faba tó ti gbó, tó dúró lẹ́bàá Yunifásítì Abdou Moumouni, ẹ ó bá rọ́bà túùbù táyà tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́, tó di bátìrì mú bí ọ̀já ṣe ń di ọmọ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

Ọkọ̀ náà ní irin ìdè tirẹ̀ nígbà tó kúrò ní Yúróòpù. Ó ṣì ní i nígbà tó balẹ̀ ní èbúté Kútọnu. Láàárín ibẹ̀ sí Niamey, ọ̀nà tó tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà, ẹnì kan yọ bátìrì, ó fi òmíràn tó kéré sí ààyè rẹ̀ dípò, irin ìdè sì di àwátì. Mi ò dá irin náà lẹ́bi. Bóyá òun náà rí iye ibi tí kọsítọ́ọ̀mù ti ń dá ọkọ̀ dúró, ló bá ní kí òun kúkú sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré o. Bátìrì tó ń mì jìgìjìgì bí ọkọ̀ bá wọ kòtò, òjé inú rẹ̀ á máa rún díẹ̀díẹ̀, ásíìdì á máa ta sára irin. Bó bá fò sókè tí orí pọ́sítíìfù kan bọ́ńẹ́ẹ̀tì, iná ti ta nìyẹn, háídírójìn tó ń tinú bátìrì jáde kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ kó tó gbaná. Ìdí nìyí tí n kò fi lè dárí ji ẹni tó ń fi hángà aṣọ dè é. Wáyà tó gba orí bátìrì kọjá, ṣé kó dè é ni àbí kó sun ún? Rọ́bà kì í gbé iná. Pákó gbígbẹ tí a há sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í gbé iná. Rewáyà tó mọṣẹ́ á lo méjèèjì, á nu ọwọ́ rẹ̀, á ní:

“Alájì, ó ti le.”

“Ó di ìgbà wo?”

“Ó di ìgbà tó bá já.”

Irú òtítọ́ yìí, ìgbà wo lẹ gbọ́ ọ kẹ́yìn lẹ́nu aláṣẹ? Láti 1970, Afárá Kennedy nìkan ló so Harobanda mọ́ ìyókù ìlú, títí àwọn ará Ṣáínà fi kọ́ ìkejì parí ní 2011: ogójì ọdún ó lé lórí ọ̀já kan ṣoṣo. Nígbà tí Ọya kún ní 2020, tó ya wọ Lamordé àti Kirkissoye, àpò iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń kó dí i. Ní oṣù kẹjọ 2023, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, Nàìjíríà pa iná tó ń fún Niger, ẹni tó ní bátìrì ọkọ̀ nílé sì di ọlọ́lá lóru. ECOWAS tó ní òun de gbogbo wa pọ̀ ńkọ́? Niger, Mali àti Burkina Faso yọ ara wọn nínú ìdè náà ní oṣù kìn-ín-ní 2025. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ sọ fún wa pé ó di ìgbà tó bá já.

Nítorí náà, ẹ fi rọ́bà túùbù jẹ mínísítà. Kò ní béèrè ọkọ̀ tuntun. Inú àlòkù ló ti mọṣẹ́. Kò ní lọ Paris bíi ti àtijọ́, kò sì ní lọ Moscow bíi ti ìsinsìnyí. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kó ṣáà ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì.

Àléébù kan ló ní. Lóṣù kẹrin, tí ooru Niamey bá ti kọjá ìwọ̀n 40, rọ́bà á gbẹ, á sán, àfi ká yáa pààrọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àbá mi máa kú sí. Ní oṣù kẹta 2025, Ọ̀gágun Tiani, olórí àwọn ológun tó gbàjọba, búra fún ọdún márùn-ún. Mo bi rewáyà mi bóyá rọ́bà lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí oyè. Ó wò mí títí, ó ní, “Alájì, ẹ jẹ́ ká fi oṣù mẹ́fà dán an wò ná.”