Ẹ̀tẹ̀ Wà Nílẹ̀, Ọ̀dà Wà Lára Làpálàpá

Nígbà tí àwọn àgbà ń sọ ọ́ pé a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ à ń pa làpálàpá, ojú wọn kò tí ì tó ọmọ ayé òde òní tí ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà. Nítorí ẹni tí ń pa làpálàpá, ìtọ́jú ni ó ṣì ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni tiwa yìí, ọ̀dà ni ó gbé, tí ó ń kùn ún lé làpálàpá lórí kí ó lè bá aṣọ mu.

Ẹ wo àpótí kékeré tí í yọ sójú Windows láti bi ni ní ìbéèrè. Kí ó tó yọjú, a máa rán iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ WM_CTLCOLORDLG sí ètò tí ó ni ín, pé ọ̀dà wo ni kí òun fi kun ara. Ètò náà yóò sì na búrọ́ọ̀ṣì sí i. Bọ́tìnì nìkan ni alágídí wọn: ó ń béèrè bí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń béèrè, ṣùgbọ́n bí èsì bá dé, etí ikún ni í kọ sí i, àwọ̀ eérú rẹ̀ kò sì yẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni wa kò gbà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ya bọ́tìnì láti ìbẹ̀rẹ̀, àti etí rẹ̀, àti òjìji rẹ̀, àti bí ó ti ń rì nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́. Ó kọ nọ́ńbà àwọ̀ kan, FF0000, ó ní pupa ni òun ń fẹ́. Aró ni ó jáde, nítorí ibi tí ó kọ pupa sí, ìjókòó aró ni nínú ìṣirò Windows. Àṣejù sì ni baba àṣetẹ́: bí ó bá ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì tuntun nígbàkúùgbà tí àpótí bá béèrè, tí kò da ti àtẹ̀yìnwá nù, bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá pé 10,000 lọ́wọ́ ètò náà, Windows yóò ní ó tó gẹ́ẹ́.

(Lóòótọ́, Microsoft fúnra wọn fi àwọ̀ kan tí ń jẹ́ Hot Dog Stand sínú Windows 3.1 ní 1992, pupa yòò pẹ̀lú yẹ́lò, tí í ta ni lójú bí ata. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni kọ̀ǹpútà ni ó ń yàn án fún ara rẹ̀.) Ti ọ̀gbẹ́ni wa yàtọ̀. Ẹni tí ojú ń dùn, tí ó ti ṣètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé kí ilẹ̀ dúdú, kí lẹ́tà funfun, kí òun lè ríran kà, ọ̀gbẹ́ni náà á fi ọ̀dà funfun tẹ́ ilẹ̀ fún un, á gbàgbé lẹ́tà, funfun á sì jókòó lórí funfun.

Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Ó wà nínú àpótí náà gan-an, níbi tí a kọ ọ́ sí pé “Àṣìṣe kan ti ṣẹlẹ̀”, tí a kò sọ irú àṣìṣe tí í ṣe, tí a kò sọ bóyá ìwé tí akọ̀wé ti ń tẹ̀ láti òwúrọ̀ ṣì wà tàbí ó ti ṣègbé, tí a kò sì fún un ní ọ̀nà mìíràn ju OK lọ. Bí ẹ bá fi ẹjọ́ náà sun ọ̀gbẹ́ni wa, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, a ti ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀,” nítorí nínú ẹ̀dà tí ń bọ̀, OK yóò di elése àlùkò.