Bífà, Dáàmù Ni Tàbí Dààmú?

Bífà ọ̀rẹ́ mi, ẹranko inú omi tó ń fi eyín gé igi, ará Odò Otter ní Devon,

 

Kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá, jọ̀ọ́, ta ló bá ọ kọ fọ́ọ̀mù? Èmi tí mò ń gbé Peckham mọ ohun tí ojú ń rí kí wọ́n tó ní kí àlejò máa gbé Ìlú Ọba lọ. Ìwọ kàn yọ lójijì nínú odò ni. Títí dòní, kò sẹ́ni tó lè sọ ẹni tó mú ọ wá. Ní 2014, fídíò ká ọ mọ́ ibi tí o ti ń tọ́mọ. Ìjọba ní àwọn máa kó yín kúrò, àwọn ará àdúgbò fárígá. Wọ́n wá mú yín, wọ́n yẹ̀ yín wò bóyá ẹ ní aràn, ara yín mọ́, wọ́n dá yín padà sódò ní 2015. Ọdún márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ fún yín. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2020, wọ́n ní kí ẹ jókòó pa. Ẹ ò san kọ́bọ̀, ẹ ò ṣèdánwò lórí ìtàn àwọn ọba wọn. Bẹ́ẹ̀, odò tí wọ́n fi orúkọ ẹranko mìíràn pè lẹ sọ di ilé baba yín!

Ká sọ tòótọ́, ilé baba yín náà ni. Ó ti tó bí 400 ọdún tí wọ́n ti pa àwọn baba ńlá yín tán níbẹ̀, nítorí ẹran, nítorí òróró olóòórùn tó wà nídìí yín, àti nítorí irun tí wọ́n fi ń ṣe fìlà. Nígbà Lẹ́ńtì pàápàá, àwọn kan kà yín mọ́ ẹja kí wọ́n lè jẹ yín láìdẹ́ṣẹ̀. Má bínú o, lọ́dọ̀ tiwa a ò ní wá àwáwí kankan: àbúrò ọ̀yà la máa pè ọ́, iyán á sì ti wà nílẹ̀.

Mo wá wò ọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kùkùté igi ni mo kọ́kọ́ rí, ó ṣe ṣóńṣó bíi pẹ́ńsùlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Nígbà tó yá, o yọrí. Eyín rẹ pọ́n bíi ti bàbá tó ti ń jẹ obì láti kékeré. Irin inú rẹ̀ ló fún un láwọ̀, òun náà ló mú un le. Ìrù rẹ tẹ́ pẹrẹsẹ bí orógùn àmàlà. O fi lu omi, gbàà! o sì rì lọ. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àlejò nìyẹn?

Àwọn àgbà ní omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Àwa ń fi òwe yẹn tura nínú; ìwọ kó igi àti ẹrẹ̀ láti mú un ṣẹ. Dáàmù mẹ́fà ni ìdílé kan nínú yín kọ́ sókè East Budleigh, abúlé tí omíyalé ti ń bá fínra. Bí òjò bá rọ̀, dáàmù á gba omi dúró, á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó tó dé abúlé agbára rẹ̀ á ti dín kù. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Exeter rí i pé ẹja inú adágún tí ẹ dá fi ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti ibi tí odò ti ń ṣàn lọ geere. Ìwọ tó jẹ́ pé ewé àti èèpo igi lò ń jẹ! Ẹ̀ẹ̀kan ni o kọ́lé, ìlú kún fáyálégbé tí kò sanwó.

Àmọ́ jẹ́ kí n bá ọ wí. Ará abúlé ló ń sùn gbẹ. Ilẹ̀ àgbẹ̀ òkè ni omi rẹ bò. Lójú tiẹ̀, àmì ohùn nìkan ló ya dáàmù àti dààmú. Wọ́n ti ń ki páìpù gba inú àwọn dáàmù rẹ kan kí omi má bàa ga jù. Mo bẹ̀ ọ́, má di páìpù náà. Kí àwọn tí ara dẹ̀ nísàlẹ̀ sì rántí pé àgbẹ̀ yẹn ló ń bá wọn gbé omi sílé. Ẹni tó bá wa tọ́jú ẹrù, ó yẹ ká san nǹkan fún un.

Láti 2022, òfin ò gbà kí wọ́n pa ọ́ ní England. Ní oṣù Kẹta 2025, wọ́n tú àwọn ìbátan rẹ sílẹ̀ ní Purbeck, ní Dorset, pẹ̀lú ìwé àṣẹ kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan omi. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló bá tìrẹ kọ fọ́ọ̀mù, fi eyín pupa yẹn hàn wọ́n.

Èmi ni tìrẹ,
Ará Peckham tó ṣì ń to ìwé rẹ̀ jọ