Wọ́n Ń Sanwó Da Pẹ́ńtì

Kò sí ohun tí ará Ìsọlọ̀ kò ní gbà gbọ́ nípa Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n gbà pé ajá ní dókítà tirẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbà pé èèyàn ń gbàwé àṣẹ kó tó wo tẹlifíṣọ̀n nínú ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún Àǹtí mi ní Ire-Akari pé àwọn àgbàlagbà ń san pọ́n-ùn 40 láti da pẹ́ńtì sórí kánfáàsì títí yóò fi di òdòdó, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí:

"Rọ́bà rẹ̀ ńkọ́?"

Ẹ má bú sẹ́rìn-ín. Rọ́bà pẹ́ńtì oní-lítà mẹ́rin ni wọ́n fi ń wọn gàrí káàkiri ọjà Èkó. Lójú Àǹtí mi, ńṣe ni pẹ́ńtì kàn ń bá gàrí mú àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kúkú rẹwà. Wọ́n á po pẹ́ńtì àkírílìkì mọ́ gọ́ọ̀mù funfun àti omi díẹ̀, títí yóò fi máa ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Wọ́n á kọ́kọ́ da funfun tàbí dúdú sílẹ̀, wọ́n á da pupa, búlúù àti wúrà sí àárín rẹ̀, wọ́n á wá gbé dáráyà tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun, wọ́n á fi fẹ́ ẹ láti àárín síta. Ibi tí atẹ́gùn bá tì í sí ni òdòdó ń là sí. Àwọn mìíràn á rẹ okùn sínú pẹ́ńtì, wọ́n á ká a sórí kánfáàsì, wọ́n á rọra fà á wálẹ̀, òdòdó á sì yọ. Pẹ́ńtì funfun sábà máa ń wúwo ju àwọn yòókù lọ. Tó bá wà lókè, yóò rì, èyí tó fúyẹ́ á yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń fa àwọn ojú róbótó inú rẹ̀ nìyẹn. David Alfaro Siqueiros, ayàwòrán ará Mẹ́síkò, ti ń dán irú rẹ̀ wò ní New York lọ́dún 1936, Jackson Pollock, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, sì wà lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́.

Olùkọ́ wa ní kíláàsì tí mo lọ ní Lọ́ńdọ̀nù, obìnrin tí ohùn rẹ̀ kò lè jí ọmọ ìkókó, ní kí a mí kanlẹ̀, kí a jẹ́ kí pẹ́ńtì lọ síbi tó wù ú. Ó ní ohun tó le jù fún ọmọ ènìyàn nìyẹn. Mo wò ó. Èmi tí mo ti dúró ní Òṣòdì nírọ̀lẹ́ Fúráìdé, tí òjò ń rọ̀, tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń pe Ìyànà-Ìpájà, tí dírẹ́bà sì ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé Mafoluku lòun ń lọ? Lóòótọ́, láti 2019 ni ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta ti wà níbẹ̀, ó sì dùn-ún wò. Síbẹ̀, ta ni yóò gbowó lọ́wọ́ ọmọ Òṣòdì láti kọ́ ọ pé apá kì í ká gbogbo ohun tó ń lọ?

Nígbà tí mo délé ní Kérésì, èmi àti àwọn ọmọ àdúgbò jọ ṣe é. Pẹ́ńtì emulsion tó ṣẹ́ kù lára ilé, gọ́ọ̀mù káfíńtà, pákó pẹlẹbẹ. A yá dáráyà lọ́wọ́ onídìrí ìsàlẹ̀. Òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là báyìí, iná lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ì bá dá owó wa padà, wọn ì bá sì kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ àdúgbò kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ọ̀kan mú ike tí wọ́n fi ń fa mínírà, ó fẹnu fẹ́ ẹ. Ó là ju ti kíláàsì lọ. Ọyẹ́ nìkan ni a kò rí tirẹ̀ ṣe: ó tètè gbẹ ojú pẹ́ńtì náà, ó sì sán an.

Àǹtí mi dé, wọ́n wò ó dáadáa.

"Kàm̀pálà ni, àbí?"

"Rárá, Mọ́mì. Ara ògiri la máa gbé e kọ́."

"Èwo wá ni tiyín? Ẹ ò lè wọ̀ ọ́ lọ òde."

Òótọ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn obìnrin tó ń ṣe kàm̀pálà ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ń rún aṣọ pọ̀, wọ́n ń da aró sí i, méjì rẹ̀ kò sì ní jọra láéláé. Kò sẹ́ni tó ń ní kí wọ́n mí kanlẹ̀. Sódà tó wà nínú aró gan-an kò ní jẹ́ kí wọ́n mí kanlẹ̀. Bí wọ́n bá sì parí rẹ̀, èèyàn lè wọ̀ ọ́ lọ ìsọmọlórúkọ. Lójú tèmi, tiwa ló borí.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ṣe ti òyìnbó nílé, kó tẹ́ nylon sílẹ̀, kó sì fi páálí bò ó nígbà ọyẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da àjẹkù pẹ́ńtì sí gọ́tà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ kó o síbi tí ẹ ń da ilẹ̀ sí. Ohun tó ń dí gọ́tà ní Ìsọlọ̀ ti pọ̀ tó.