Bi Àgbà Léèrè: Ọ́ìlì Lábẹ́ Mọ́tò, Ẹjọ́ Nínú Ilé

Lẹ́tà tó kọ́kọ́ dé ọwọ́ Àgbà lóṣù yìí wá láti Ìdọ̀fin, lọ́dọ̀ tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Bàbá ní Píjò 504 tí wọ́n tò ní Kaduna. Ó ń jo ọ́ìlì lọ́sàn-án, ó ń jò ó lóru. Ìyàwó wọn ti fọ sìmẹ́ńtì àgbàlá títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní kí mọ́tò náà wá ibòmíràn sùn, bí ó bá sì wu ẹni tó ni ín, kó bá a lọ. Mẹkáníìkì ní àfi kí òun sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, kí òun pààrọ̀ gbogbo síìlì. Bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù kí wọ́n lọ ṣe ìdána fún ọmọ wọn ọkùnrin ní Òmù-Àrán. Kí ni ṣíṣe?

Àgbà kọ́kọ́ kí Màmá: ẹ kú ìfaradà, ẹ kú ìfọlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá bi Bàbá léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti rí ibi tí ọ́ìlì yìí ti ń jáde. Ibi tó ń kán sí ni mẹkáníìkì rí. Ẹ́ńjìnnì 504 kì í dúró ṣánṣán nínú mọ́tò. Ńṣe ló fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì 45. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì abẹ́ kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì bá ti gbó lókè, ọ́ìlì á rọra gba ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀ yẹn wálẹ̀, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á gbá a sẹ́yìn, á wá máa kán nídìí jíà. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́tò á búra pé síìlì ẹ̀yìn kíráǹkì ló lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ odindi ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Nítorí náà, kí wọ́n fi ọ̀rá wé dísítíríbútọ̀ àti kábúrétọ̀, kí wọ́n fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́ tónítóní, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Kí wọ́n wá bu pọ́dà funfun sí gbogbo ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, kí wọ́n sì wà á dé Odò-Ọwá, kí wọ́n padà. Ibi tí pọ́dà bá ti kọ́kọ́ tutù, ibẹ̀ ni olè wà. Pọ́dà yìí, kí Bàbá fi owó ara wọn rà á o. Ti orí tábìlì Màmá, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn, Àgbà kò sì ní bá wọn dá sí i.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń gbójú fò: ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Kò sí bí ríìngì ṣe lè le tó, èéfín díẹ̀ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìn sá wọ ìsàlẹ̀. Bí rọ́bà tó yẹ kí èéfín náà gbà jáde bá ti di, tí ìdọ̀tí dúdú ti kún un, èéfín á wá ọ̀nà mìíràn, á sì ti ọ́ìlì gba ẹnu síìlì tí kò ní àìsàn kankan jáde. Ẹ pààrọ̀ síìlì náà lónìí, á tún jò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Bàbá ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá ń tú yẹ́ẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ rọ́bà ìmí náà mọ́, ríìngì ló gbó, ọ̀rọ̀ sì ti kọjá síìlì. Bí kò bá tú, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n fi owó wọn pamọ́ fún ìdána.

Gọ́ọ̀mù ńkọ́? Mẹkáníìkì tó bá ń fi gọ́ọ̀mù kun gbogbo ẹnu gásíkẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń kun ilé ọdún, kí Bàbá gba túùbù náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Èyí tó yọ síta ni a ń rí. Èyí tó yọ sínú á já bọ́ sínú ọ́ìlì, á lọ dí asẹ́ tí pọ́ǹpù fi ń fa ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì á sì gbẹ pa. Kí wọ́n tún sọ fún un pé nọ́ọ̀tì kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ibi ìdíje alágbára. Ẹni tó bá fún un jù, gásíkẹ́ẹ̀tì á fún pọ̀, á yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, jíjò á sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Kí Màmá náà fọwọ́ wọ́nú. Mọ́tò yìí ni wọ́n yàn ní Mọ́tò Ọdún ní Yúróòpù lọ́dún 1969. Ilé iṣẹ́ Kaduna ṣílẹ̀kùn ní oṣù kẹta ọdún 1975. Nígbà tí àwọn Faransé dáwọ́ 504 sàlúùnù dúró nílé tiwọn ní 1983, Kaduna ń tò ó lọ títí wọ àwọn ọdún 2000. Àbíkẹ́yìn wọn náà kì í ṣe ọmọdé mọ́, rọ́bà inú wọn sì ti le gan-an.

Ní ti ìdána, bí ọjọ́ bá pé tí jíjò kò tíì dáwọ́ dúró, kí Bàbá wá mọ́tò olówó ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà àna, kí wọ́n gúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ, kí wọ́n tètè lọ. Ọ́ìlì ilẹ̀ kò ní orúkọ lára.

Lẹ́tà kejì kò ní orúkọ, kò ní àdírẹ́sì, àmì ìka gírísì ló kún inú rẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan ní agbègbè Ìlọ́fà ló kọ ọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ṣí orí ẹ́ńjìnnì 504 kan láti pààrọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ó sì lọ sípàdé. Ọmọ náà fẹ́ fọ orí písítìn kí ọ̀gá tó dé. Ó fi sípánà yí kíráǹkì kí àwọn tó wà nísàlẹ̀ lè gòkè. Ní báyìí tí wọ́n ti tò ó tán, ọ́ìlì ti dà bíi tíì oní-mílíìkì. Ó ń wá oògùn tí ọ̀gá kò fi ní mọ̀.

Oògùn kò sí. Sílíìfù 504, ìyẹn irin róbótó tí písítìn ń sáré nínú rẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù. Omi ló yí i ká. Orí ẹ́ńjìnnì ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti òkè, síìlì tẹ́ẹ́rẹ́ kan nídìí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí omi bọ́ sínú ọ́ìlì. Tí wọ́n bá ti gbé orí kúrò, ẹni tó bá yí kíráǹkì á jẹ́ kí písítìn fa sílíìfù sókè, síìlì ìdí á sì yẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń fi bóòtù àti irin pẹlẹbẹ de sílíìfù mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan kíráǹkì.

Kí ọmọ náà má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sítáátì mọ́tò yẹn mọ́, nítorí ọ́ìlì olómi á jẹ bíárínì. Kí ó dúró dìgbà tí ọ̀gá bá ti jẹun yó, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó bèèrè bí ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n fi ń de sílíìfù bí orí bá ti kúrò?” Bí ọ̀gá bá dákẹ́ pẹ́ títí, ẹjọ́ ti di àjọjẹ, òun ló ṣí i sílẹ̀ láìdè é. Kí ó wá jẹ́wọ́, kí ojú má sì tì í. Agbègbè wọn yìí náà ni àwọn agbẹ́gilére, Bámgbóyè Odò-Ọwá àti Aréògún Òsì, ti ṣiṣẹ́, àwọn tí iṣẹ́ wọn wà ní mùsíọ́ọ̀mù lókè òkun títí dòní. Ó dá Àgbà lójú pé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kan á ti ge etí ère lọ́dọ̀ wọn rí.

Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni lẹ́tà kẹta ti wá. Bàbá ẹni tó kọ ọ́ fi ìjàpá Volkswagen kan sílẹ̀ ní Ìdọ̀fin kó tó kú. Àbúrò tó wà nílé ní òun ń tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Ó ti gba owó rédíétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún wá ń bèèrè owó pọ́ǹpù omi.

Àgbà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì ìjàpá lára. Omi kò dé ibẹ̀ rí, látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe é ní Jámánì títí dé ìgbà tí ilé iṣẹ́ Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1975. Kí ẹ̀gbọ́n má ṣe pariwo. Kí ó ní kí àbúrò dúró ti rédíétọ̀ náà nínú mọ́tò, kí ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kí ó sì kó èyí tó ti bàjẹ́ fún Màmá tọ́jú.

Ohun tó ń jò gan-an lára ìjàpá, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́jọ tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì ni, tí ọ́ìlì ń gbà padà wálẹ̀ láti orí. Síìlì kan wà ní ìdí kọ̀ọ̀kan wọn, síìlì kan ní orí, mẹ́rìndínlógún lápapọ̀. Àwọn páìpù yẹn ti súnkì nínú ooru. Kí mẹkáníìkì rọra fà wọ́n gùn díẹ̀ kí ó tó dá wọn padà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ síìlì tuntun kò ní rí ohun tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbogbo síìlì yìí kò ju ohun tí ẹni tó ń bọ̀ wálé lọ́dún lè fi sápò. Kí ẹ̀gbọ́n rà wọ́n, kí ó fi wọ́n rán ẹni náà, kí ó má fi owó ránṣẹ́. Bí àbúrò bá bèèrè pé rédíétọ̀ ńkọ́, kí ó dá a lóhùn pé méjì tó ti rà ti tó mọ́tò kan.